Bí mo ṣe lé òórùn kúrò nínú garawa ajílẹ̀ mi

Garawa tí mo ń kó èèpo èso àti ewébẹ̀ sí kó lè jẹrà di ajílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn burúkú. Omi dúdú dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, eṣinṣin sì bò ó. Mo kọ́kọ́ dé e pinpin, àfi bíi pé mo tún dá kún un. Mo bu eérú lé e lórí, kò tu irun kan lára rẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé: mo lu ihò sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ garawa náà kí omi lè jò jáde, kí afẹ́fẹ́ sì ráyè wọlé, torí pé àìsí afẹ́fẹ́ gan-an ló ń fa òórùn yẹn. Mo wá da ewé gbígbẹ àti páálí tí mo ya wẹ́wẹ́ sí i (kì í ṣe èyí tó ń dán o), mo sì fi igi rò ó pọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ní báyìí, bí mo bá da abọ́ èèpo kan sí i, abọ́ ewé gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé e. Ó yẹ kó rí lọ́wọ́ bíi kànìnkànìn tí a ti fún omi rẹ̀ dànù.

Òórùn náà lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tiyín lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí ẹran tàbí epo bá wà nínú rẹ̀. Èmi kì í kó ìyẹn sí i rárá.