Ohun Tó Yẹ Kí Àlejò Mọ̀ Kó Tó Gun Òkè Yr Wyddfa ní Wales

Yr Wyddfa, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdon, ni òkè tó ga jù lọ ní Wales. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,085. Ohun tó máa ń ya àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́nu ni pé kò sí géètì lẹ́sẹ̀ òkè náà, wọn kì í gba owó ìwọlé, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tí yóò dá yín padà bí ojú ọjọ́ bá ń bàjẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò pinnu bóyá ẹ óò gùn ún tàbí ẹ óò sún un síwájú, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí Met Office, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Britain, sọ nípa ojú ọjọ́ orí òkè.

Ọ̀nà pàtàkì mẹ́fà ló dé orí rẹ̀. Ti Llanberis ni mo máa ń júwe fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́: ó gùn, nǹkan bíi kìlómítà 14 àlọ àtàbọ̀, ṣùgbọ́n kò le tó àwọn yòókù, wákàtí mẹ́fà sì tó o. Nígbà òtútù, ọ̀nà yìí kan náà máa ń di eléwu lókè Clogwyn Coch, níbi tí yìnyín ti máa ń bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹni tí kò bá mọ yìnyín rìn kò gbọdọ̀ lọ. Bí ẹ bá sì gba ọ̀nà Pyg, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má yà sí Crib Goch, ẹ̀yìn àpáta tóóró tí ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sí Pen-y-Pass, níbi tí ọ̀nà Pyg ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí èrò pọ̀ gbọ́dọ̀ ti sanwó àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sàn kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì Sherpa'r Wyddfa.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, oòrùn mú débi pé díẹ̀ ló kù kí n fi aṣọ òtútù sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí a tó dé òkè, ìkùukùu ti bo gbogbo ibẹ̀, ìka mi sì kú débi tí n kò lè fa síìpù àpò mi. Ẹlòmíràn ló bá mi ṣí i. Ẹ mú aṣọ òjò, ìbọ̀wọ́, tọ́ọ̀ṣì, máàpù àti fèrè dání. Ẹ má wọ jíǹsì, nítorí bí omi bá ti mu ún, kì í tètè gbẹ.

Bí ewu bá dé, ẹ pe 999, ẹ ní ọlọ́pàá ni ẹ ń fẹ́, kí ẹ wá sọ pé Mountain Rescue ni ẹ nílò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ro iye tí yóò náni kí a tó ké gbàjarè. Ẹ jọ̀wọ́, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ wá gbé yín kì í gbowó oṣù fún un, ìfẹ́ ọkàn ni wọ́n fi ń ṣe é, lóru àti nínú òjò. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà register ránṣẹ́ sí 999 láti orí fóònù yín, kí ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè wọ́n níbi tí ìpè kò bá ti wọlé. Bí fóònù bá kú, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà àti àkókò tí ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ fún ẹnì kan nílé, kí ẹ sì pè é ní kété tí ẹ bá délẹ̀.