Bẹ́ ẹ ṣe lè gbin Worsleya, òdòdó búlúù orí àpáta Brazil

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé iyẹ̀pẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ gbin Worsleya tó wá lọ bu ilẹ̀ dúdú ẹ̀yìnkùlé sínú póòtù, á pa á ni. Ojú àpáta gírànáìtì lòdòdó yìí ń gbé, lórí òkè Serra dos Órgãos nítòsí Petrópolis ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, ó fi gbòǹgbò di àpáta tó ga fíofío mú, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ìkúùkù ń rin ín, òjò ń rọ̀ lé e lórí àmọ́ omi ọ̀hún kì í dúró, ńṣe ló ń ṣàn kọjá. Kò sí ibòmíì láyé tó ti ń hù fúnra ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń pè é ní rabo-de-galo, ìrù àkùkọ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá rí bí ewé ẹ̀ ṣe tẹ̀ kọrọdọ ẹ ò ní bi wọ́n nídìí. Òdòdó ẹ̀ wá jẹ́ búlúù tó fà sí àwọ̀ àlùkò, ó ní tótòtó lójú, ó rẹwà jọjọ.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n hú lórí òkè o, ó ti ṣọ̀wọ́n jù níbẹ̀, torí náà hóró ni kẹ́ ẹ wá, tàbí kékeré tẹ́nì kan fi hóró gbìn. Tẹ́ ẹ bá ń ọ́dà ẹ̀ wọ Nàìjíríà, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn tó ń wọ̀lú wò, kó tó gbéra.

Hóró ẹ̀ dúdú, kì í pẹ́ kó tó kú, tó bá ti dé ẹ má tọ́jú ẹ̀ sí dúrọ́ọ̀. Ẹ bu omi òjò sínú ife, ẹ jù ú sí i kó léfòó, ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń dé, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ omi ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbòǹgbò á yọ, ẹ wá gbé e sínú òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́.

Òkúta yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Gírànáìtì tó kéré jù lára èyí táwọn bíríkìlà ń lò dáa, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ìyẹ̀fun ẹ̀ lọ, ẹ po èèpo igi gígé wẹ́wẹ́ mọ́ ọn díẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí pumice tàbí perlite, àwọn òkúta fúyẹ́ tó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, ẹ fi sí i, àmọ́ ẹ má lo òkúta tó ní láìmù nínú, kò bá a lára mu. Bẹ́ ẹ bá da omi sí i, ojú ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde nísàlẹ̀ póòtù, tó bá dúró níṣẹ́jú kan pàápàá ẹ tú u, ẹ tún un pò. Ìdí ẹ̀ tó wú bí àlùbọ́sà ní ọrùn gígùn, ẹ má bo ọrùn yẹn mọ́lẹ̀.

Omi ńkọ́? Ó fẹ́ ẹ gan-an. Ìbátan lílì ńlá tí wọ́n ń tà nígbà Kérésì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń sinmi, eléyìí kì í sinmi, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ kó gbẹ ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà oòrùn ẹ bomi rin ín lójoojúmọ́, omi òjò ló dáa jù, ẹ máa po fatiláísà tó ṣàn gan-an sí i lóòrèkóòrè dípò kẹ́ ẹ dà á lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oòrùn àti atẹ́gùn, kò sóhun tó lè rọ́pò méjèèjì. Ẹ̀yin ará London, inú ilé gíláàsì ni o, yìnyín ò gbọ́dọ̀ kàn án, ẹ dín omi kù lọ́yẹ́ àmọ́ ẹ má dá a dúró. Ní tèmi o, Jos á gbà á ju Èkó lọ torí òru tútù. Ẹ má sì máa fi gbogbo ìgbà pààrọ̀ póòtù ẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan gbòǹgbò òun.

Ó lè tó ọdún 10 kó tó yọ òdòdó, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀. Kì í sábà bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí náà tó bá ti yọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kó lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ lọ sára òdòdó míì, tẹ́ ẹ bá mọ ẹlòmíì tó ní i kẹ́ ẹ gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ pàápàá, tí èso bá ti là kẹ́ ẹ tètè da hóró yẹn sómi.