Bí mo ṣe tan àbẹ́là fún Ìyá Àgbà láti Kraków

Ìyá Àgbà mi kú nínú oṣù August, ẹ̀yìn ilé wa l'Abẹ́òkúta ni wọ́n sin wọ́n sí, n ò sì sí níbẹ̀. Kraków ni mo wà, ní Pólàǹdì, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, tí mo bá fi lè jáde nígbà yẹn wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Wọ́n fi fídíò ìsìnkú ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo wò ó dé ìdajì mo pa á. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti mọ ọjà Ìtòkú o, àwọn ló ń pọ̀n mí lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, n ò wá lè da yẹ̀pẹ̀ kan sí sàréè wọn. Ó ń jẹ mí nínú gan-an.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí November 1 pé, màmá onílé mi kan ilẹ̀kùn, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àti búrọ́ọ̀ṣì dání, wọ́n ní ká jọ lọ fọ sàréè ọkọ àwọn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Àgùdà láti kékeré, ohun tí mo mọ Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ sí ni ká lọ gba Máàsì ká padà sílé. Lọ́dọ̀ tiwọn họlidé ìjọba ni, ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀ ló máa ń tì, àwọn tó ń gbé ọ̀nà jíjìn á wọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n sin àwọn èèyàn wọn sí.

Itẹ́ òkú Rakowicki la lọ, wọ́n ti ń sìnkú síbẹ̀ láti 1803. A gbá ewé kúrò, a fi omi ọṣẹ fọ òkúta náà, màmá wá mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, wọ́n ń fọ inú lẹ́tà orúkọ ọkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, wọn ò kánjú rárá. A gbé òdòdó chrysanthemum kalẹ̀. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ gbé irú òdòdó yẹn lọ kí ẹnikẹ́ni nílé o, ti sàréè ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àbẹ́là wọn, torí ó wù mí púpọ̀. Znicz ni wọ́n ń pè é, inú ife gíláàsì ló máa ń wà, ó ní ìdérí tí wọ́n dá ihò sí, atẹ́gùn ò lè pa á, òjò ò lè pa á, òmíì lè jó fún ọjọ́ méjì mẹ́ta.

Nígbà tí ọjọ́ pé, tíráàmù kún fọ́fọ́, ká tó débẹ̀ ká tan ti ọkọ wọn, aago márùn-ún ti lù, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo itẹ́ òkú yẹn ló ń tàn, iná pupa, iná funfun, lọ rẹrẹẹrẹ débi tí ojú mi ò tó mọ́, òtútù ń mú wa síbẹ̀ ooru àbẹ́là ń fẹ́ sí mi lójú, àwọn ọmọdé ń rìn kiri láàárín sàréè láìbẹ̀rù.

Mo sọ fún màmá pé tèmi wà nílé. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ dé ìdí àgbélébùú ńlá kan, wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹni tí òkú rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn ti ń tan tirẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìṣáná kú lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbàdúrà pé kí Olúwa fún wọn ní ìsinmi ayérayé, Yorùbá ni mo fi gbà á torí Ìyá Àgbà ò gbọ́ èdè míì, mo tọrọ àforíjì pé n ò wá sin wọ́n, ẹkún wá gbọ̀n mí.

Mo pe Mọ̀mí ní fídíò. Aago kan náà la wà torí wọ́n máa ń dá aago tiwọn padà ní ìparí October, ọ̀dọ̀ mi ti ṣú, oòrùn ṣì ń ràn l'Abẹ́òkúta. Mọ̀mí ní, "Ó tó, ọmọ mi, wọ́n ti gbọ́." Mo wá sọ fún wọn pé àwọn òbí Póòpù John Paul Kejì wà ní itẹ́ òkú yìí, ní apá tàwọn sójà. Ni Mọ̀mí bá pariwo, àṣé àwọn àti Ìyá Àgbà jọ lọ sí Ìbàdàn nígbà tí Póòpù wá ní February 1982! Wọ́n ní, "Tan ọ̀kan fún wọn. Sọ fún wọn pé Ìyá Àgbà rí ọmọ wọn."

Mo rìn débẹ̀. Àbẹ́là ti pọ̀ débi pé mo ní láti wá àyè díẹ̀ kí n tó rí ibi gbé tèmi sí, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí Mọ̀mí rán mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ìwé mi jáde, mo wálé, znicz méjì wà nínú báàgì mi. Èmi àti Mọ̀mí ro oko ẹ̀yìn ilé, a pọn omi, mo fọ sàréè látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, Mọ̀mí gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ ibẹ̀ fúnra àwọn.