Agbárí Mẹ́síkò lórí línò: àwọn àṣìṣe tó ń bà á jẹ́

Línò ni ohun pẹlẹbẹ tó rọ̀ tí à ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ àwòrán sí, ká tó fi íǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àṣìṣe tó burú jù kò sí lọ́wọ́ ọ̀bẹ, inú èrò ló wà: kí èèyàn jókòó kó máa fín òkú. Calavera, ìyẹn agbárí tàbí odidi eegun tí àwọn ará Mẹ́síkò ń fín, kì í sùn gbalaja. Ó ń jó, ó ń mutí, ó ń gun kẹ̀kẹ́. José Guadalupe Posada, afínnà ará Mẹ́síkò tó kú ní 1913, fín wọn sára òjé àti síǹkì fún àwọn ìwé pélébé olówó pọ́ọ́kú tí Antonio Vanegas Arroyo ń tẹ̀. Olówó kú, tálákà kú, síbẹ̀ olówó ṣì ń ṣe fàárí pẹ̀lú eegun lásán. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Nítorí náà, ẹ má fín eegun tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fún un ní gìtá, ìgbálẹ̀ tàbí akẹtẹ̀, ká lè mọ ẹni tó jẹ́ láyé.

Ẹ má pe gbogbo aṣọ Catrina, ìyẹn calavera obìnrin oge tó dé akẹtẹ̀ ńlá, ní iṣẹ́ Posada. Orí àti akẹtẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ ló fín, àwòrán tí wọ́n ń pè ní Calavera Garbancera, tó ń fi àwọn tó sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń ṣe bí ará Yúróòpù ṣẹ̀sín. Diego Rivera, ayàwòrán ará Mẹ́síkò, ló fún un ní ara àti aṣọ gígùn nínú àwòrán ara ògiri tó parí ní 1947. Ẹ má sì kọ Eégún sábẹ́ rẹ̀: eegun kì í ṣe Eégún. Ti Mẹ́síkò bọ́ra sílẹ̀ kí eegun lè hàn. Tiwa ń fi aṣọ bora látòkè délẹ̀.

Lórí línò fúnra rẹ̀, eegun dúdú ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Wọ́n á fi pẹ́ńsù ya eegun, wọ́n á gbẹ́ ojú ìlà náà, nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo eegun á dúdú kirikiri. Ibi tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ ló máa funfun. Ibi tí ẹ bá fi sílẹ̀ ló máa gba íǹkì. Ẹ kọ́kọ́ kun línò ní dúdú, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun ya eegun, kí ẹ sì gbẹ́ ibi tó funfun. Ihò ojú, ihò imú àti àlàfo ẹfọ́n ìhà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fín in ní òdì, kí ẹ gbé e síwájú dígí wò.

Eyín ló ń tètè bàjẹ́. Ìlà dúdú tó wà láàárín eyín kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju mílímítà kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbòòrò ju orí rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó máa ya nígbà títẹ̀. Ẹfọ́n ìhà jẹ́ méjìlá lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè dín in kù, àmọ́ ẹ má tò wọ́n gbọọrọ bí àkàsọ̀: wọ́n ń dà sísàlẹ̀ bọ̀ wá síwájú, méjì tó kẹ́yìn kò sì dé egungun àyà.

Íǹkì tó bá pọ̀ á dí gbogbo eyín. Ẹ yí rólà títí íǹkì á fi máa dún ṣin-ín-ṣin-ín, ẹ sì fi í lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò ẹ̀ẹ̀kan tó ki. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ṣíbí lẹ fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́, bébà fẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò. Lórí bébà tó nípọn, dúdú ẹ̀yìn agbárí á yọ àbàwọ́n funfun káàkiri.