Ẹ má tíì ta ẹsẹ̀ sókè: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kung fu àríwá Ṣáínà

Àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan: ẹ̀ṣẹ́ ni ti gúúsù, ẹsẹ̀ ni ti àríwá. Ọ̀rọ̀ náà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, bó ṣe máa ta ẹsẹ̀ dé orí ló ń wá, bẹ́ẹ̀ ìdúró ni iṣẹ́ ọ̀hún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo mabu, ìdúró ẹni tó gun ẹṣin. Orúnkún akẹ́kọ̀ọ́ á máa wọnú síra wọn, ìdí á yọ sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá àpótí tó máa jókòó lé. Ibi tí ìka ẹsẹ̀ bá kọjú sí ni kí orúnkún kọjú sí. Bí ẹ bá lọ sílẹ̀ débi tí èyí ò ṣeé ṣe mọ́, ẹ ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ gòkè díẹ̀. Ẹ má sì bá aago díje lórí bí ẹ ṣe máa pẹ́ tó nínú ìdúró náà. Èmi náà ṣe agídí yìí rí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń di ògiri mú kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Àṣìṣe inú gongbu, ìdúró ọrun, ló ń fara pamọ́ jù. Orúnkún iwájú tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nà. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ti ń jáde, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn á rọra gbéra nílẹ̀, ẹni tó ń ṣe é ò sì ní mọ̀. Ibẹ̀ sì ni agbára ẹ̀ṣẹ́ ti ń bọ̀: ó gba itan, ìbàdí yí, kó tó dé èjìká. Gìgísẹ̀ gbéra, ó ku apá nìkan. Ẹ fi bébà sábẹ́ gìgísẹ̀ náà, kí ẹnì kan máa fà á bí ẹ ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́. Bó bá yọ, ẹ ti rí ibi tó ń jò.

Tantui, àwọn ìdánrawò kúkúrú tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ àti títa ẹsẹ̀, ńkọ́? Jingwu, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ni ní kung fu tó bẹ̀rẹ̀ ní Shanghai lọ́dún 1910 fi í sí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Ìpín mẹ́wàá ló ní lọ́wọ́ àwọn kan, méjìlá lọ́wọ́ àwọn míì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrú, wọ́n á ṣe é lápá ọ̀tún, wọ́n á tún un ṣe lápá òsì. Nítorí pé kò le lójú, àwọn èèyàn á sáré parí rẹ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kọ́ idà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ga. Orúnkún ló ń kọ́kọ́ gbéra, kí ẹsẹ̀ tó já jáde bíi rọ́bà tí wọ́n fà tí wọ́n jọ̀wọ́ lójijì. Ẹni tó bá ń ju gbogbo ẹsẹ̀ fìrì bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù kò tíì ṣe Tantui.

Ìgbà tí ẹ bá wá fẹ́ ta ẹsẹ̀ gíga, ẹ má tẹ ẹ̀yìn ba kí orí lè lọ pàdé ẹsẹ̀. Ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ lé igi láàárọ̀ kùtù kí ẹ máa jàn án mọ́lẹ̀ nígbà tí ara ò tíì móoru. Bí ohun kan bá dún “tá” lẹ́yìn itan, ó lè di oṣù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún ta ẹsẹ̀.