Àṣìṣe Tó Ń Pa Ilé Iṣẹ́ Kékeré Tó Ń Ṣe Ẹ̀yà Ọkọ̀ Jíìpù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ láti máa ṣe bọ́ńpà, kéèjì irin àti ẹ̀yà mìíràn fún ọkọ̀ tí ń gba inú ẹrẹ̀ àti orí àpáta ló ń bẹ̀rù ọjọ́ tí ọjà kò ní tà. Ọjọ́ tí ọjà bá tà jù gan-an ló yẹ kí wọ́n máa múra sílẹ̀ fún.

Ẹ wo ohun tójú Bruce Meyers rí. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe ní Kalifóníà, ibẹ̀ ló sì ti mọ fíbágíláàsì lò. Ní 1964, ó fi ṣe ọkọ̀ kékeré pupa kan tó ń lo ẹ́ńjìnnì Volkswagen, ó pè é ní Meyers Manx. Ní oṣù Kẹrin 1967, òun àti Ted Mangels wa ọkọ̀ náà láti La Paz dé Tijuana ní Mẹ́síkò láàárín wákàtí 34 àti ìṣẹ́jú 45. Alùpùpù ló yá jù lójú ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi wákàtí márùn-ún lé díẹ̀ yọ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Manx ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Mexican 1000 àkọ́kọ́. Ni oníbàárà bá ya dé.

Ilé iṣẹ́ Meyers kò lè ṣe é tó. Ẹni tí kò lè dúró lọ ra èyí tó jọ ọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Meyers ti gba páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, ó sì pe ẹni kan tó ń ṣe àdàkọ lẹ́jọ́, àmọ́ ilé ẹjọ́ ní páténtì náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nǹkan bí 6,000 Manx ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àdàkọ rẹ̀ kárí ayé fi ìlọ́po ìlọ́po ju ìyẹn lọ. Ní 1971, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé.

Ẹ má ṣe gbé gbogbo okòwò yín ka orí ohun tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n ṣe ń jí ara ọkọ̀ fíbágíláàsì kò le rárá: wọ́n á ra ẹyọ kan, wọ́n á fi ìda pa á kó má bàa lẹ̀, wọ́n á tẹ́ fíbágíláàsì àti résìn lé e lórí ní ìpele ìpele. Tó bá ti gbẹ, wọ́n á ṣí i kúrò, mọ́ọ̀dù tí wọ́n á máa fi ṣe òmíràn dé nìyẹn. Bọ́ńpà onírin tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, páálí àti pẹ́ńsùlù tí wọ́n á fi ya á ti tó. Ohun tí wọn kì í lè jí ni kí ihò bóòtù ṣe rẹ́gí, kí ọjà dé lọ́jọ́ tí ẹ dá, kí ẹni tó rà á rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba páténtì, ẹ má ṣe kọ́kọ́ tà kí ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún kan péré ni òfin fún yín láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé e síta. Ní Yúróòpù, tí gbogbo ayé bá ti rí i, ó ti bọ́ nìyẹn.

Àṣìṣe kan wà tí Meyers fúnra rẹ̀ tètè rí. Manx àkọ́kọ́ ò lo ṣásí Volkswagen, ìyẹn férémù ìsàlẹ̀ ọkọ̀, rárá, ara fíbágíláàsì náà ló gbé gbogbo ẹrù. Ó wuyì, ó lágbára, ṣùgbọ́n owó ńlá ló ń gbà láti ṣe, méjìlá péré ni wọ́n ṣe. Ló bá tún un yà, ó ní kí oníbàárà gé ṣásí Volkswagen kúrú kó sì gbé ara náà lé e. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó rìn. Ẹ má ṣe rọ̀ mọ́ iṣẹ́ nítorí pé ó dùn mọ́ yín láti ṣe. Tí ẹ bá ń dá iye lé ọjà, ẹ má sì ka owó irin nìkan: gígé, lílọ̀, kíkùn, dídúró de ọ̀dà kó gbẹ, gbogbo rẹ̀ ni wákàtí, wákàtí sì lowó.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ṣíṣe iṣẹ́ láìní jig, ìyẹn férémù tí ń di irin mú síbi kan náà nígbà gbogbo. Wọ́n á wọn bọ́ńpà lára ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, á wọlé. Wọ́n á ṣe ìkejì láti inú orí, ihò á fi mílímítà márùn-ún yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi wọn ìyẹn lè ti forí sọ nǹkan rí. Irin tó gbóná a máa fà bó bá ń tutù. Ẹ kọ́kọ́ fi tákì, ìyẹn ojú ìjó kéékèèké, mú gbogbo igun, ẹ máa jó o ní apá ọ̀tún díẹ̀, apá òsì díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù sínú jig kí ẹ tó tú u.

Fún kéèjì tó ń dáàbò bo orí awakọ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ má ṣe lo páìpù omi. Orúkọ tí wọ́n ń pe páìpù kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní íńṣì kan fẹ̀ tó mílímítà 33 lẹ́yìn. Omi ni wọ́n ṣe é fún, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ sọ̀yà pé á gba ìwúwo ọkọ̀ tó ń yí gbirigbiri. Tí síǹkì bá sì wà lára rẹ̀, èéfín rẹ̀ á dá ibà sí wẹ́dà lára lóru ọjọ́ yẹn. Ìwé òfin ìdíje tí ọkọ̀ náà fẹ́ lọ ló máa sọ irú irin àti bó ṣe nípọn tó. Ẹ kà á kí ẹ tó gé nǹkan kan.

Ẹ yọ okùn bátìrì kí ẹ tó jó ohunkóhun mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ má jó sípíríìnì, ẹ má sì fi bọ́ńpà dí sẹ́ńsọ̀ ti airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan.

Ṣíṣe gbogbo nǹkan fún gbogbo èèyàn náà wọ́pọ̀. Nígbà tí Arthur Warn bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington ní 1948, jíìpù tí ogun ṣẹ́kù ló kún ìgboro. Táyà iwájú wọn ń fa ọ̀pá àti jíà kiri láìnídìí lójú títì, ó ń jẹ epo. Họ́ọ̀bù tó lè tú u sílẹ̀ lòun ń ṣe, ìyẹn nìkan. Ó di 1959 kí winch oníná, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa ọkọ̀ jáde, tí gbogbo ayé wá mọ Warn sí tó dé.

Bí kíraàkì bá yọ lára ẹ̀yà kan tí ẹ tà, ṣé ẹ mọ àwọn tó ra ìyókù tí ẹ ṣe lọ́jọ́ kan náà? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré kò mọ̀. Ẹ kọ orúkọ oníbàárà, ọjọ́ àti irin tí ẹ lò sínú ìwé kan, kí ẹ sì lu nọ́ńbà sára ẹ̀yà náà kí ẹ tó kùn ún, torí ọ̀dà á bo ohun tí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ.