Bí mo ṣe ṣe àgọ́ sáyẹ́ǹsì orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì lè na ọwọ́ sórí tábìlì ọmọ, kó tú wáyà tó so sódì, kó tún un so. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sọ́wọ́ tó dé ibẹ̀. Ohun tí mo fi ṣe òṣùwọ̀n nìyẹn nígbà tí mò ń ṣa iṣẹ́ fún àgọ́ yìí: iṣẹ́ tí mi ò bá ti lè rí ibi tó ti bàjẹ́ láti inú kámẹ́rà, mi ò fi sí i, bó ti wù kó dùn mọ́ ọmọdé tó. Ọmọ ọdún 7 sí 10 ni mo gbà, 8 péré lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 50 lójúmọ́. Tí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán ọmọ kọ̀ọ̀kan á kéré débi pé ojú ò ní lè dá ẹsẹ̀ LED (iná kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì) tó gùn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kúrú.

Ẹrù iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sílé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló gba àsìkò jù. Ọ̀rá kan fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, nọ́ńbà gàdàgbà lára rẹ̀, nítorí ọmọ tó bá rí gbogbo ẹrù pọ̀ sójú kan á ti tú u ká kí a tó kí ara wa tán. Ohun tó gba gígé, mo ti gé e kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Mo fi LED kan àti bátìrì kan lé ti olúkúlùkù, torí wọ́n máa ń yí wọ abẹ́ àga. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnì kò wọ inú ẹrù náà rárá: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. AA, bátìrì gígùn irú èyí tí wọ́n ń fi sínú rìmóòtù, ni mo lò.

Kámẹ́rà méjì ni mo tò. Ti kọ̀ǹpútà ń fi ojú mi hàn. Fóònù kan wà lókè tábìlì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí ọwọ́ mi, ó dojú bolẹ̀. Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù ni kí ẹ lò, ti iwájú lè sọ òsì di ọ̀tún. Ẹ pa ohùn fóònù náà àti máìkì rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn á máa hu wọnú ara wọn. Ẹ tún wá ibi tí ètò ìpàdé ti ń pa ariwo ẹ̀yìn rẹ́, kí ẹ pa á: ó lè gbé ìró híhó fínígà (ọtí kíkan) inú iṣẹ́ bàlúùnù mì pátápátá, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ní tiwọn, mo ní kí wọ́n tẹ ojú kọ̀ǹpútà síwájú títí màá fi rí tábìlì. Orí wọn ò wúlò fún mi tó ọwọ́ wọn.

Iṣẹ́ iná ló kọ́kọ́ wá: ilé bátìrì tó gba AA 2, LED pupa, rẹ̀sísítọ̀ 100 ohm (ohun tó ń dín iná tó ń ṣàn kù), wáyà 3 tó ní kílíìpù eléyín lórí méjèèjì, àwọ̀ wọn ò jọra. Àwọ̀ ni mo ń pè, mi ò pe ọ̀tún tàbí òsì. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi bátìrì ẹyọ kan dán an wò. Kò tàn, torí fóòtì (volt, ìwọ̀n agbára bátìrì) 1.5 kò tó LED. Méjì di fóòtì 3. LED pupa ń gba bíi 2, ìyókù bọ́ sórí rẹ̀sísítọ̀, ohun tó ń ṣàn kọjá jẹ́ bíi mílíámpù 10, ohunkóhun ò sì ní jó. (LED funfun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ tó fóòtì 3, bàìbàì lásán ló máa ṣe níbí. Ẹ má rà á.)

Bí kò bá tàn, mo máa ń wá a bí wọ́n ṣe sábà ń bàjẹ́ sí. LED ni àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ tó gùn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ìhà +. Ká yí i padà. Kò gbọ́? Bátìrì kan ti fi orí sódì nínú ilé rẹ̀. Kò tún gbọ́? Kí ọmọ gbé LED sún mọ́ kámẹ́rà. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí i pé kílíìpù méjèèjì fara kanra, iná ń gba àárín wọn kọjá láì dé inú LED. Ẹ ní kí wọ́n la ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tó ya ẹsẹ̀ dúró, kí wọ́n tó fi kílíìpù bù ú.

Òòfà oníná yá ju ìyẹn lọ. Ìṣó irin sẹ̀ǹtímítà 10, wáyà bàbà tí wọ́n fi nǹkan kun ara rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 120, ká 50 sí ọ̀nà kan ṣoṣo, AA kan. Mo ti fi sáńpépà ha orí wáyà méjèèjì kí n tó dì í, torí ọ̀dà yẹn kì í jẹ́ kí iná wọlé, kò sì hàn lójú kámẹ́rà. Ọmọ tó bá ká a síwájú tó tún ká a padà sẹ́yìn ti ń fi ìdajì agbára òòfà náà pa ìdajì. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni kí wáyà fi kan bátìrì, kó kúrò, nítorí ó máa ń gbóná gan-an.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bàlúùnù: a fi í bo ẹnu ìgò fínígà, a gbé e sókè kí baking soda inú rẹ̀ dà sínú ìgò, afẹ́fẹ́ tó jáde sì máa fẹ́ ẹ. Ìgò 3, ti ìdajì lítà, fínígà oníwọ̀n 5% mílílítà 100 nínú ìkọ̀ọ̀kan. Baking soda inú bàlúùnù jẹ́ ìdajì ṣíbí tíì fún ti àkọ́kọ́, ṣíbí kan ààbọ̀ fún ìkejì, ṣíbí 3 fún ìkẹta. Bàlúùnù kejì tóbi gan-an ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìkẹta kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkejì lọ. Àwọn ọmọ á ní ẹ̀tàn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ìgò kẹta: ìyẹ̀fun funfun ṣì kù síbẹ̀, fínígà ló tán. Nǹkan bíi gíráàmù 7 ni mílílítà 100 yẹn lè jẹ, èyí ló wà nínú ṣíbí kan ààbọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kan ara ìgò náà pẹ̀lú, ó máa ń tutù.

Ohun tó ń bà á jẹ́: ọmọ gbé bàlúùnù sókè kó tó wọ ọrùn ìgò dáadáa, tàbí òbí ra baking powder dípò baking soda. Baking powder ti ní ásíìdì àti sítáàṣì nínú, ìṣirò yẹn kò ní bá a mu. Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi ni mo fi baking soda ránṣẹ́ sí wọn.

Àgbàlagbà kan jókòó sẹ́yìn ọmọ, kò fọwọ́ kàn án àfi tó bá kan sísìsì. Nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, bébà aláwòrán mẹ́rin wà, kí ọmọ tí íntánẹ́ẹ̀tì já lọ́wọ́ rẹ̀ lè máa bá iṣẹ́ lọ títí tó fi padà wọlé. Lópin ọjọ́, kí wọ́n yọ bátìrì kúrò nínú ilé rẹ̀, kí wọ́n sì kó o sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà àti ìṣó.